Ọ̀rọ̀ Ìlànà Nínú Kíláàsì Yorùbá: Pípààrọ̀ Ìdérí Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù àti Gáskẹ́ẹ̀tì Rẹ̀

Ìfáárà
Ní Suame, nínú ìlú Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, àdúgbò oníṣẹ́-ọwọ́ ńlá kan wà tí a mọ̀ sí Suame Magazine. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn rọ ọ̀pọ̀ irinṣẹ́. Ní ọdún 1980, yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ tí ó wà ní Kumasi dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti ran àwọn oníṣẹ́ náà lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lẹ́nu wọn. “Fitter” ni wọ́n ń pe ẹni tí àwa ń pè ní mẹkáníìkì. Síbẹ̀, èdè Twi ni ọ̀gá sábà máa fi ń la iṣẹ́ yé ọmọṣẹ́.

Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ Yorùbá nínú oríkì àti àlọ́ nìkan yóò gbà pé èdè rẹ̀ kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, níbi tí àṣìgbọ́ kan ṣoṣo ti lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Èròǹgbà
Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
(a) to ìlànà iṣẹ́ kan lẹ́sẹẹsẹ;
(b) lo gbólóhùn àṣẹ àti “kí … tó” bí ó ti yẹ;
(d) ṣàlàyé bí Yorùbá ṣe ń rí ọ̀rọ̀ fún ohun tuntun.

Àwọn ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà
Gáskẹ́ẹ̀tì ni pépà líle fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a gé ní ìrísí etí ìdérí, tí a tẹ́ sáàárín irin méjì kí ọ́ìlì má baà gba ibẹ̀ jò. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì, bóòtì àti kílọ́ọ̀ṣì. Ìdérí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ fẹ̀ láti orí ìkòkò dé orí ẹ̀rọ. Tú àti dè, tí a ń lò fún okùn ẹran láyé àtijọ́, ni a ń lò fún bóòtì báyìí.

Ìlànà iṣẹ́ (ìdérí apá kílọ́ọ̀ṣì)
1. Gbé alùpùpù dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí o sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù.
2. Kí o tó fọwọ́ kan ìdérí, kọ́kọ́ da ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì sínú abọ́.
3. Yọ irin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, kí o sì tú wáyà kílọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá so mọ́ ìdérí náà.
4. Tú àwọn bóòtì díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́. Gígùn wọn kì í sábà dọ́gba: ya àwòrán ìdérí sórí páálí, kí o sì fi bóòtì kọ̀ọ̀kan gún àyè tirẹ̀.
5. Fi òòlù onírọ́bà lu etí ìdérí jẹ́jẹ́ títí yóò fi ṣí. Má ṣe ti irin ṣóńṣó bọ àárín rẹ̀. Ojú irin tí ó bá há yóò máa jò.
6. Ha gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, kí o sì nu ojú irin méjèèjì mọ́ tónítóní. Wo àwọn irin róbótó kéékèèké tí ń mú ìdérí dúró sójú àyè rẹ̀, kí wọ́n má baà sọnù.
7. Tẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì tuntun kí ihò rẹ̀ bá ihò irin mu, kí o sì dá ìdérí padà.
8. Fọwọ́ dè gbogbo bóòtì ná, kí o tó fi irinṣẹ́ dè wọ́n láti igun sí igun. Má ṣe dè é ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ihò onírin fúyẹ́ tètè ń bàjẹ́.
9. Dá irin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì padà. Bu ọ́ìlì sí i, ṣáná sí i, kí o sì yẹ etí ìdérí wò bóyá ó ń jò.

Àlàyé fún olùkọ́
Ẹ tọ́ka sí i pé “kí o tó” ni ó gbé ewu ìlànà kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fò ó yóò da ọ́ìlì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ hàn wọ́n pẹ̀lú: a ń sọ pé “ha á kúrò”, a kì í sọ pé “kúrò há a”, nítorí ìṣe ni ó ṣáájú àbájáde. Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé bíi “díẹ̀díẹ̀” àti “jẹ́jẹ́” kì í ṣe ẹwà èdè lásán níhìn-ín. Yíyọ wọ́n kúrò yí iṣẹ́ náà padà. Ibí yìí ni òwe yẹ: ẹni tí ó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ìgbéléwọ̀n
Ẹ kọ ìlànà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ dà wọ́n pọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tún wọn tò pẹ̀lú ìdí. Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, kí wọ́n lọ bá mẹkáníìkì àdúgbò, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ó ń lò sílẹ̀ bí ó ṣe pè é gan-an. Kí wọ́n má ṣe bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àyálò. Lẹ́yìn náà ni kíláàsì yóò pín wọn sí àyálò àti ìbílẹ̀.

Ìgúnlẹ̀
Àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wa ti ń fi Yorùbá kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ láìdúró de ìwé kankan. Ojúṣe olùkọ́ ni láti mú èdè yẹn wọ kíláàsì, kí ó fún un ní àkọtọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kà á kí ó sì kọ ọ́ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ.