Orí Ọmọ Lórí Pápá Bọ́ọ̀lù

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń pọ̀ ní àdúgbò wa. Eré náà dára: ó ń mú egungun ọmọ le, ó sì ń kọ́ ọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣe. Ohun tí a fẹ́ rán ara wa létí lóṣù yìí ni ọ̀rọ̀ orí wọn.

Bí ọmọ méjì bá forí sọ ara wọn, tàbí tí ọmọ ṣubú lu òpó gòólù, ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé a ó da omi tútù sí i lórí, a ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ṣe ọkàn akin," a ó sì dá a padà sínú eré. Omi kò lè wo ohun tó wà nínú agbárí. Ọpọlọ lè mì, kí ó sì fara pa, láìsí ọgbẹ́ kankan lójú awọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí kì í dákú rárá.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ojú máa ṣe bàìbàì, kí ìmọ́lẹ̀ máa ni ọmọ lára, tàbí kí ó máa béèrè ìbéèrè kan náà léraléra. Ọmọ kékeré lè kàn máa sunkún, kí ó má fẹ́ jẹun. Àmì lè má hàn títí di alẹ́ tàbí ọjọ́ kejì.

Bí a bá rí ẹyọ kan péré, kí ọmọ kúrò lórí pápá, kí ó má sì padà lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ àṣekágbá. Bí orí tí kò tíì sàn bá tún gbá nǹkan, ọpọlọ lè wú, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí. Kí a mú un lọ rí dókítà, kí ó sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ̀kọ́ ni kí ó kọ́kọ́ padà sí, lẹ́yìn náà eré sísá díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni yóò kẹ́yìn, nígbà tí dókítà bá gbà.

Bí ó bá ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tí kò ṣe é jí lójú oorun, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde ní etí rẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Kí a má dúró de ìdájí.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2015 ni àjọ bọ́ọ̀lù wọn ti ní kí ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ má fi orí gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa lè fi èyí ṣe òfin pápá yín láìná kọ́bọ̀. Bọ́ọ̀lù nọ́ḿbà 5, ti àwọn àgbà ni. Nọ́ḿbà 3 tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, nọ́ḿbà 4 sì tó fún ọmọ ọdún 8 sí 12. Kí a má fi búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta sàmì gòólù. Bàtà méjì ti tó.

Amáànà ni ọmọ lọ́wọ́ wa. Ìdíje mìíràn yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ ò ní ààrọ̀. Kí Ọlọ́hun bá wa dá wọn sí. Àmín.