Ẹ Dúpẹ́, Àmọ́ Ẹ Má Fi Ọpẹ́ Bo Ìyà

Láti Ibafo dé Mowe, ọpẹ́ sí Ọlọ́run kò wọ́n. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìjọ Redeemed, tí àgọ́ ńlá wọn wà létí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, máa ń jó ijó ìdúpẹ́. Ọpẹ́ sí aládùúgbò ló ń ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣe ẹni tó ń dúpẹ́ náà láǹfààní.

Ẹ dárúkọ oore náà. "Ẹ ṣé" lásán kò tó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká yín mọ́ orí Long Bridge, ilẹ̀ ṣú, ìyá kan ládùúgbò bá yín gba ọmọ sílé. Ẹ sọ fún un pé: "Ìyá Ìbejì, ẹ kú oore àná. Ọmọ ní ẹ fún òun ní ẹ̀bà, ẹ tún bá òun wo iṣẹ́ àmúrelé. Ọkàn mi balẹ̀ nínú mọ́tò." Ẹni tó bá máa dúpẹ́ báyìí á kọ́kọ́ ro oore náà dáadáa, inú rẹ̀ á sì ti máa dùn kó tó la ẹnu.

Ẹ má tijú. Lọ́dún 2018, Amit Kumar àti Nicholas Epley gbé ìwádìí kan jáde l'Amẹ́ríkà lórí àwọn tó kọ lẹ́tà ọpẹ́. Àwọn tó kọ ọ́ rò pé ara máa ni ẹni tó gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò; inú onítọ̀hún tiẹ̀ dùn ju èyí tí wọ́n fọkàn sí lọ.

Ẹ kọ ohun tí ẹ ń dúpẹ́ fún sílẹ̀. Nǹkan márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó. Ohun tí Robert Emmons àti Michael McCullough ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nìyẹn, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2003. Àwọn tó kọ ohun ìdúpẹ́ sọ pé ayé dùn mọ́ wọn ju àwọn tó ń kọ wàhálà lọ; àìsàn pẹ́pẹ̀pẹ́ dín kù lára wọn, wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá sí i.

Ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣelàágùn. Nínú ìwádìí tirẹ̀, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, Sonja Lyubomirsky, rí i pé àwọn tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ jèrè. Àwọn tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò jèrè. Ohun tó bá ti di baraku kì í wọni lọ́kàn mọ́.

Ẹ má yáwó ṣe ìdúpẹ́. Aṣọ ẹbí, kúlà ìrẹsì, ìlù àti ayàwòrán, gbogbo rẹ̀ lórí owó àjọ tí kò tíì kàn yín! Gbèsè ló máa gba oorun lójú yín, ìdùnnú náà kò sì ní í dé ìparí oṣù.

Ẹ má fi oore yín dẹrù pa ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ bá ń rán létí lójoojúmọ́ á máa sá fún yín ni.

Ẹ má fi ọpẹ́ bo ìyà. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ọ̀gá jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, wọ́n ní kó máa dúpẹ́ pé òun ríṣẹ́. Ọkọ ń na ìyàwó, àwọn ẹbí ní kó dúpẹ́ pé àwọn kan ò tiẹ̀ rí ọkọ fẹ́. Ìpẹ̀tù burúkú nìyẹn. Èèyàn lè dúpẹ́ fún ohun tó dára kó sì tún béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ọkàn tó ti di àìsàn náà kò yàtọ̀. Àǹfààní díẹ̀ ni kíkọ ohun ìdúpẹ́ sílẹ̀ ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé yín kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tó ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má wàásù ọpẹ́ fún un. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Aro l'Abẹ́òkúta. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.