Ta Ni Ó Jẹ̀bi Bí A Bá Bí Àfín?

Ibi Kíkà: Johanu 9:1-23
Àfikún: 1 Samueli 16:1-13, Esekieli 18:1-4

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jesu ní ojú ọ̀nà ní ọjọ́ náà kò tíì kúrò ní ẹnu wa títí di òní. Wọ́n rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, ohun tí ó sì kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé ẹnìkan ti ní láti ṣẹ̀. Wọn kò béèrè bí ó ti ń jẹun, wọn kò béèrè ẹni tí ń fà á lọ́wọ́. Ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi ni wọ́n ń wá, òun tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jesu kọ̀ láti dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi.

Ní ilẹ̀ wa, ibi kan tí ìbéèrè yìí ti máa ń le ni ilé tí a bá ti bí àfín. Bàbá dúdú, ìyá dúdú, ọmọ sì jáde pẹ̀lú awọ funfun, irun orí rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo. Ọ̀kan yóò wí pé ìyá ni ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó lóyún. Òmíràn yóò wí pé òyìnbó kan ni ó ni ọmọ. Bí ìyá ọkọ bá tún dá sí i, ó lè di pé kí ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ kíyèsí i pé ìyá nìkan ni gbogbo wọn ń nàka sí. A kì í sábà gbọ́ kí ẹnìkan béèrè ohun tí bàbá mú wá.

BÍ Ó TI Ń WÁ

Ohun kan wà nínú ara tí ń mú kí awọ, irun àti ẹyinjú dúdú; melanin ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Olúkúlùkù ni ó ń gba ìpín méjì lórí ọ̀ràn yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá lábùkù tí èkejì sì pé, ẹni náà yóò dúdú bí àwọn ará ilé rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé òun ru ohunkóhun. Ó lè ti máa bọ̀ láti ìran dé ìran, kí ẹnikẹ́ni má sì rántí àfín kan nínú ìdílé. Ìgbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì bá fẹ́ ara wọn ni ó tó lè fara hàn.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS tí a ń béèrè kí a tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, nínú ọ̀nà 4, 1 ni pé ọmọ yóò jẹ́ àfín, 2 ni pé yóò dúdú ṣùgbọ́n yóò ru ìpín náà, 1 ni pé kò ní gbà á rárá. Kì í ṣe pé bí a bá ti bí àfín kan, àwọn 3 tí ó tẹ̀lé e yóò dúdú dandan. Oyún kọ̀ọ̀kan dá dúró fún ara rẹ̀.

Nítorí náà, bàbá tí ó lé ìyàwó rẹ̀ nítorí ọmọ àfín ń lé e nítorí ohun tí òun pẹ̀lú mú wá sínú ilé. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí fún àwọn ìdílé tí wọ́n ń kọ̀ kí ọmọ wọn fẹ́ àfín pẹ̀lú: bí ẹnìkejì kò bá ru ìpín náà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tí yóò jẹ́ àfín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ni yóò rù ú.

IYỌ̀ ÀTI OÒRÙN

Àwọn baba wa ka àfín, arọ àti abuké sí ẹni òrìṣà. Wọ́n ní ti Ọbàtálá ni wọ́n. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, a kò lè sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí a yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ di ẹni tí a ń sá fún. Wọ́n tún ní àfín kì í jẹ iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti jẹ ọbẹ̀ àtẹ́ lásán! Iyọ̀ kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú awọ rẹ̀.

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Awọ tí kò ní dúdú yìí kò ní ààbò. Oòrùn a jó o, a di egbò, egbò náà sì lè di jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ awọ yìí ni ó ń pa ọ̀pọ̀ àfín ní Áfíríkà ní ìgbà èwe wọn, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a lè dènà ni. Aṣọ alápá gígùn, fìlà etí gbọọrọ, ìpara tí ń dènà oòrùn, àti jíjókòó ní ibòji láti aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ń ṣe púpọ̀. Egbò tí kò bá jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, kì í ṣe kí a máa fi àgbo wẹ̀ ẹ́.

Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ohun kan náà tí ó ṣọ̀wọ́n nínú awọ ni ó ṣọ̀wọ́n nínú ẹyinjú, nítorí náà kì í rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, ẹyinjú rẹ̀ a sì máa mì. Awò ojú ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà tán ọ̀ràn náà. Ọmọ tí kò rí ohun tí a kọ sí ojú pátákó ni a wá ń pè ní olódo, nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Samueli tí í ṣe wòlíì pàápàá fi ojú yan ẹni tí kò yẹ ní ilé Jesse, kí a tó dá a dúró.

Ẹ tún wo àwọn òbí inú Johanu 9. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n sì yẹra fún ìbéèrè tí ó le. Síbẹ̀ níwájú àwọn Farisi wọ́n jẹ́wọ́ pé ọmọ àwọn ni, àti pé bẹ́ẹ̀ ni a ti bí i. Bàbá mìíràn wà tí kò lè sọ ìyẹn ní iwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

FÚN ÌJÍRÒRÒ

Olùkọ́, láti ọdún 2015 ni a ti ń ṣe ọjọ́ àwọn àfín ní àgbáyé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà. Kíláàsì lè lo Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá sún mọ́ ọn.

1. Ní ọjọ́ ìkórè, níbo ni àwọn ọmọ àfín ìjọ yín ń dúró nígbà tí a bá ń tò wọlé láti ìta? Níbo ni wọ́n ń jókòó nínú kíláàsì àwọn ọmọdé?

2. Ìyá kan wá sọ fún yín pé àwọn àna òun ní kí òun gbé ọmọ àfín òun lọ sí ilé bàbá òun. Ta ni nínú ìjọ yín ni yóò lọ bá àwọn àna náà, kí sì ni yóò sọ fún wọn?