ỌMỌ TÍ Ó SANRA JÙ: IṢẸ́ ILÉ-ÌWÉ, IṢẸ́ ÒBÍ

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí.

Bí ọmọ bá sanra rọ̀bọ̀tọ̀, a máa ń yin ìyá rẹ̀ pé ó mọ ọmọ tọ́jú. Ṣùgbọ́n ara sísan yàtọ̀ sí ara líle. Ọ̀rá àpọ̀jù lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń gbé e dàgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2022, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tí wọ́n tóbi ju bí ó ti yẹ lọ lé ní mílíọ̀nù 390 káàkiri ayé. Lọ́dọ̀ wa, èyí tí ó sanra jù àti èyí tí ó rù kan egungun lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Kí ni ó ń fà á? Oúnjẹ tí ó ju èyí tí ara ń lò lọ ni. Ní Àpápá, ìbẹ̀rù tìrélà àti tánkà kì í jẹ́ kí òbí fi ọmọ sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn. Ní Ajégúnlẹ̀, àgbàlá kéré, èrò pọ̀. Bí aago ìsinmi bá sì lù, ó di pọ́fù-pọ́fù, bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí ṣúgà gíráàmù 10 bá wà nínú 100ml, gíráàmù 50 ni yóò wà nínú ìgò 50cl. Bí kóró ṣúgà kan bá jẹ́ gíráàmù 4, ó ju kóró 12 lọ. Ìyá wo ni yóò ka kóró 12 sínú ife ògì ọmọ rẹ̀?

Ìlànà ìlera ilé-ìwé tí Ìjọba Àpapọ̀ gbé jáde ní 2006 pín iṣẹ́ yìí sí ọ̀nà 5: àyíká ilé-ìwé, oúnjẹ, ẹ̀kọ́ nípa ìlera, ìtọ́jú ara, àti àjọṣe ilé-ìwé pẹ̀lú òbí àti àdúgbò. Bí a ṣe lè lò ó nìyí:

1. Oúnjẹ. Kí ilé-ìwé fi òfin de ohun tí a ń tà nínú ọgbà, bí orílẹ̀-èdè Chile ti ṣe ní 2016. Kí ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àgbàdo sísè, ẹ̀pà, ọsàn àti omi mímọ́ wà níbẹ̀. Ẹ má lé àwọn ìyá olóúnjẹ. Ẹ pè wọ́n jókòó. Ohun tí a bá ń rà ni wọn yóò máa sè.

2. Eré. Ó kéré tán, ọmọdé nílò eré amáragbóná fún ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́. Ajégúnlẹ̀ tí ó bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi Odion Ighalo kò gbọdọ̀ sọ pápá di ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí kò sí pápá, okùn fífò àti tẹ́ń-tẹ́ń tó. Kí olùkọ́ má sì fi ìṣirò gba àkókò eré.

3. Ìwọ̀n. Kí nọ́ọ̀sì wọn ìwúwo àti gíga ọmọ ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wọ́n wé ọjọ́ orí rẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ ni kí ó ti ṣe é, kí èsì sì dé ọ̀dọ̀ òbí nínú àpò ìwé.

4. Ahọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ ní “òróbó”. Ìtìjú kì í dín ọ̀rá kù. Ńṣe ni ó ń lé ọmọ kúrò lórí pápá.

Nílé, ẹ má fi ebi pa ọmọ, ẹ má fún un ní àgbo tàbí oògùn ìfọnra. Ọmọ ṣì ń ga. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ìwúwo dúró díẹ̀ kí gíga lé e bá. Ẹ dín ẹlẹ́rìndòdò kù, ẹ jẹ́ kí ó tètè sùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bá dúdú, tí ó nípọn, tí kànìnkànìn kò mú un kúrò, ẹ mú un lọ bá dókítà. Bí ó bá ń mu omi ṣáá, tí ó ń tọ̀ ṣáá, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí ń bọ̀, ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹ ń tà fún ọmọ wa? Wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń ṣeré lọ́sẹ̀? Ta ni ó ń wọ̀n wọ́n? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ̀yin náà ni kí ẹ bá a wá a.