Ṣé Ẹ̀rọ Lè Tẹ Oògùn Tó Bá Ìwọ̀n Ọmọ Mi Mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin apòògùn wa, ọmọ mi ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde (SS), kílò 14 ló wọ̀n. Dókítà n'Ílọrin kọ hydroxyurea fún un, àmọ́ kápúsù mílígíráàmù 500 nìkan la rí rà. Aládùúgbò kan ní kí n máa tú u, kí n fojú díwọ̀n ìdajì sínú ògì. Àbúrò mi ní London wá ní ẹ̀rọ kan ti wà tó ń tẹ oògùn oníhóró ní ìwọ̀n ẹni tó fẹ́ lò ó. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó máa dé ọ̀dọ̀ wa? – Ìyá Ayọ̀, Ìdọ̀fin, Òkè-Èrò.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tú kápúsù yẹn. Oògùn líle ni. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọwọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ fà á símú, pàápàá bí aláboyún bá wà nílé. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ká ní mílígíráàmù 20 fún kílò kan ni dókítà kọ, 280 ni ti Ayọ̀ lójúmọ́. Ta ló lè fojú wọn ìyẹn sínú ògì? Bó bá pọ̀ jù, ó lè ṣàkóbá fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá kéré jù, kò ní ràn án lọ́wọ́ tó.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Lọ́dún 2015, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Spritam, oògùn wárápá, tó kọ́kọ́ jáde láti inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà á tẹ́ lẹ́búlẹ́bú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á kán omi tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ sí i, á tún tẹ́ òmíràn lé e bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, títí hóró á fi pé. Omi díẹ̀ lẹ́nu, ó ti yọ́. Àmọ́ ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ti pinnu ni Spritam ń bá wá.

Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan gan-an, ilé ìwòsàn kan ní Santiago de Compostela, ní Sípéènì, ló lo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ FabRx ti London. Ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2019. Àwọn ọmọ tí ara wọn kò lè lo èròjà oúnjẹ kan bó ti yẹ ni wọ́n tẹ oògùn jíjẹ fún, èyí tó ní àwọ̀ àti adùn oríṣiríṣi. Ní Bìrìtìkó, òfin tó fàyè gba ṣíṣe oògùn níbi tí aláìsàn wà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2025.

Ní Sípéènì yẹn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ iye tí wọ́n máa tẹ̀. Bákan náà, bí a bá fi ìwọ̀n ara èṣí tẹ oògùn Ayọ̀, a ti ṣì í lò, bó ti wù kí ẹ̀rọ gbọ́n tó. Lọ́dọ̀ wa, irú ẹ̀rọ yìí á nílò iná tí kì í ṣẹ́jú, apòògùn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, àti àṣẹ NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ńlá ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má dúró dè é. Ilé-iṣẹ́ Bond Chemical ní Áwẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ń ṣe hydroxyurea nílẹ̀ yìí. Ẹ kó kápúsù tó kù padà lọ bá apòògùn ilé ìwòsàn yín, kí ẹ bèèrè bóyá èyí tó kéré sí 500 wà, tàbí bóyá wọ́n lè pò ó ní olómi. Kí wọ́n máa wọn Ayọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, nítorí ọmọ ń dàgbà. Ẹ má pa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.