Ọmọ Mi Fẹ́ Wọ Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Ilé Ìwé: Kí Ni Kí N Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù?

ÌBÉÈRÈ

Houston ní ìpínlẹ̀ Texas la ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì keje ní middle school (ilé ìwé àárín, láti kíláàsì kẹfà dé ìkẹjọ). Ó ní dandan ni kí òun gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń gbé sáré tí wọ́n á máa ya lu ara wọn. Bàbá rẹ̀ ní a ò tìtorí bọ́ọ̀lù wá sí Amẹ́ríkà, ìwé la bá wá. Èmi ò kọ eré, àmọ́ àyà mi ń já. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá kàwé mọ́ ńkọ́? Kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀ o. Ìbàdàn ni mo bí i sí, AA ni genotype mi, AS ni ti bàbá rẹ̀, torí náà kò sí wàhálà níbẹ̀ yẹn. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Houston

ÌDÁHÙN

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, bí mo bá gbọ́ yín yé, ohun mẹ́ta lẹ ń béèrè: ṣé eré yìí ò ní ba ìwé ọmọ jẹ́, ṣé kò ní ṣe é léṣe, àti kí lẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé ṣáájú, torí òun ló rọrùn jù, bàbá ọmọ náà sì ń retí èsì.

Láti ọdún 1984 ni òfin kan ti wà ní Texas tí wọ́n ń pè ní No Pass, No Play (ẹni tí kò yege kò ní ṣeré). Ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 70 nínú iṣẹ́ kan, yàtọ̀ sí àwọn kíláàsì gíga díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, kò ní bá ẹgbẹ́ lọ síbi ìdíje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lè máa bá wọn dánra wò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje gan-an, kò ní wọ aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ sọ èyí fún bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti pariwo títí lórí ìṣirò, tí ọmọ ò gbọ́. Ìgbà tí kóòṣì ní "o ò bá wa lọ ní Tuesday" ni wọ́n tó rí ọmọ tó ń fúnra rẹ̀ ṣí ìwé.

Bí ọkọ yín bá sì yí padà lọ́la, tó ní bọ́ọ̀lù yìí ló máa gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún un ní yunifásítì, ẹ rọra mú un wálẹ̀. Nínú 100 ọmọ tó ń ṣeré ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì Amẹ́ríkà, bíi méjì péré ló ń rí sìkọ́láṣíìpù eré gbà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe odindi. Kò sì yẹ kí ẹ kánjú. Houston tí ẹ wà yìí ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ti gba ife ẹ̀yẹ básíkẹ́ẹ̀tì NBA ní 1994 àti 1995. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, kò tíì mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá, aṣọ́lé ni, ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ (handball). Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tó ń lé ọmọ yín.

Ó wá ku ti ìpalára. Ẹ̀rù ẹsẹ̀ tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán, ọmọdé máa ń ṣubú. Ṣùgbọ́n egungun tó ṣẹ́, dókítà mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, egungun ọmọdé sì máa ń tètè jinná. Orí ni kí ẹ fojú sí. Akoto tí wọ́n ń dé yẹn kì í jẹ́ kí agbárí fọ́, àmọ́ kò lè di ọpọlọ mú kó má mì nínú agbárí. Òun ni wọ́n ń pè ní concussion (kí ọpọlọ mì tìtì débi pé iṣẹ́ rẹ̀ á dàrú fún ìgbà díẹ̀). Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde, ọmọ lè má dákú rárá. Orí á kàn máa fọ́ ọ, èébì á máa gbé e, iná á máa wọ̀ ọ́ lójú, á béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọdún 2006, ní ìpínlẹ̀ Washington, ọmọ ọdún 13 kan tó ń jẹ́ Zackery Lystedt forí gbálẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù middle school. Wọ́n jẹ́ kó sinmi díẹ̀, ó padà wọ pápá, ó gbá a títí wọ́n fi ṣe tán. Lẹ́yìn náà ló ṣubú lulẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kó tó lè sọ̀rọ̀, ó sì tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè dìde dúró. Orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Washington ṣe òfin lé ní 2009; nígbà tó fi máa di 2014, kò sí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí kò ní irú rẹ̀. Ti Texas dé ní 2011: ọmọ tí wọ́n bá fura pé orí rẹ̀ mì gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, kò sì ní padà títí dókítà yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ti dá.

Òfin náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún 12 kì í sì í fẹ́ sọ. Ọmọ tèmi obìnrin gbé ọrùn ẹsẹ̀ tó wú kiri nínú ìbọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí mo rí i, ẹkún gbọ̀n mí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wí, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò òun.

Àwa àgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó sì mú mi padà sí lẹ́tà yín nìyẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹsẹ̀ lẹ ń bẹ̀rù, ẹ wá sáré kọjá lórí genotype. Ẹ̀yin AA, bàbá AS: òótọ́ ni pé ọmọ yín ò lè jẹ́ SS (ẹni tó ní àìsàn sickle cell), ẹ fọkàn yín balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe lè jẹ́ AA náà ló ṣe lè jẹ́ AS, ọgbọọgba ni. Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún èyí kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan láyé. Ti yín, Ìbàdàn lẹ bí i sí. Ní ilé, ìgbà tí a bá fẹ́ ṣègbéyàwó la máa ń rántí genotype. Bí kò bá ti jẹ́ SS, a ti gbàgbé ẹ̀. Níbí, wọ́n ń pe AS ní sickle cell trait, àwọn tó ń tọ́jú eléré ìdárayá sì ń béèrè rẹ̀.

AS kì í ṣe àìsàn. Ọ̀pọ̀ ló ní i tí wọ́n fi darúgbó láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí eléré bá ń sá eré àsápajúdé léraléra láìsinmi, nínú oòrùn gangan, tí omi ò tó lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa lè tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, kí ó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, kí ẹran ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ní Houston níbẹ̀ yẹn, ní Rice University, ọmọ ọdún 19 kan, Dale Lloyd II, ṣubú lẹ́yìn eré sísá níbi ìdánrawò bọ́ọ̀lù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. AS ni, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òun ló sì bí òfin àyẹ̀wò tí NCAA (àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì) bẹ̀rẹ̀ ní 2010 fún àwọn yunifásítì tó wà ní ìpele àkọ́kọ́.

Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ryan Clark tó gbá bọ́ọ̀lù fún Pittsburgh Steelers jẹ́ AS. Ó ṣàìsàn gidi lẹ́yìn ìdíje kan ní Denver ní 2007, níbi tí ilẹ̀ ti ga tí afẹ́fẹ́ sì fúyẹ́, débi pé wọ́n yọ ọlọ inú rẹ̀. Síbẹ̀ ó padà sórí pápá, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tó gba Super Bowl (àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà) ní oṣù kejì ọdún 2009. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n ti wá mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣọ́ra fún un. Bí ọmọ yín bá jẹ́ AS, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún kóòṣì àti fún athletic trainer (olùtọ́jú ara àwọn eléré). Kí wọ́n jẹ́ kó rọra bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó máa sinmi láàárín eré kan sí òmíràn, kó máa mu omi nígbàkigbà tó bá fẹ́. Pajápajá lásán máa ń mú kí ẹran ẹsẹ̀ le gbagidi, ọmọ á sì máa ké. Èyí tí mò ń sọ yìí, ẹsẹ̀ á kàn rọ̀, á jókòó wọ̀ọ̀, á ní òun ò lè mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀lẹ. Kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì pe 911 bí kò bá tètè bọ̀ sípò.

Ìbéèrè kan tún wà nínú fọ́ọ̀mù tí mo mọ̀ pé ẹ lè fẹ́ fò: ṣé ẹnì kan nínú ẹbí kú lójijì kó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún? Ẹ rántí dáadáa, kí bàbá rẹ̀ náà rántí. Bùrọ̀dá tó dìde nídìí oúnjẹ tó ṣubú, tí gbogbo ẹbí ní ayé ló ṣe é, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ọkàn tó ń lù ségesège lè jẹ́ àjogúnbá, dókítà ò sì ní mọ̀ bí ẹ ò bá wí. Bí ẹ bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bí ọmọ bá ti dákú rí níbi eré, ẹ béèrè ECG (àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé). Òfin Texas gbà yín láyè láti béèrè rẹ̀, owó yín lẹ máa fi ṣe é. Mo mọ̀ pé a máa ń sọ pé ohun tí a bá fi pamọ́ ló ń níyì. Ẹ fi owó pamọ́, ẹ má fi èyí pamọ́.

Bí ẹ bá wá bi mí pé eré wo, èmi ì bá jẹ́ kó fi ọdún yìí sáré tàbí kó gbá básíkẹ́ẹ̀tì, kí ara rẹ̀ gbó díẹ̀ kó tó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn. Àwọn ọmọdékùnrin ọdún 12 ò dọ́gba: òmíràn ti ń hu irùngbọ̀n, òmíràn ṣì jẹ́ ọmọ kékeré, pápá kan náà sì ni wọ́n jọ wà. Ṣùgbọ́n bó bá ta kú pé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lòun fẹ́, tí èsì àyẹ̀wò sì dáa, mi ò ní ní kí ẹ ká a lọ́wọ́ kò. Eré yòówù kó jẹ́, kó ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí kò ní ṣe é, kó sì fi oṣù méjì sí mẹ́ta lọ́dún sinmi nínú rẹ̀ pátápátá.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì mú àwọn méjì tó kù dání bó bá jẹ́ ilé lẹ bí wọn sí. Bí èsì bá dé, kí dókítà tó máa yẹ ara rẹ̀ wò fún fọ́ọ̀mù rí i. Lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ̀yin méjèèjì pe ọmọ náà jókòó. Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ̀ lórí pápá, kó wí, pé kò sí ẹni tó máa bá a wí nílé. Kí bàbá rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé lọ́jọ́ náà, òun ò ní sọ pé "ṣebí mo ti wí."