Ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ káàdì àwòrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó kó owó òógùn ojú yín lé káàdì àwòrán tuntun nítorí pé géèmù ń fà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bí ti ọwọ́ yín bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó agbára rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ó ń dá a dúró, ẹni tí ó bá sì pààrọ̀ káàdì fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dín ẹwà àwòrán kù títí, tí ìrántí gígábáìtì 6 inú káàdì bíi GTX 1060 ọdún 2016 kò gba ẹrù géèmù mọ́, àkókò tó. Iná ńkọ́? Wáàtì 120 ni GTX 1060 ń jẹ, káàdì tuntun jù ú lọ bíi RTX 3060 ń jẹ 170. Ẹ yẹ ẹ̀rọ tí ń pín iná nínú àpótí kọ̀ǹpútà wò bóyá agbára rẹ̀ tó, kí ẹ tó sanwó.